ILÉ ÀWÒṢÍFÌLÀ LÓRÍ ILẸ̀ TÍ Ń MÌ

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ará Ìlaròó, Aiyétòrò àti gbogbo ilẹ̀ Yewa



Ọ̀rọ̀ ilé ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo fẹ́ sọ nípa ilé kan tí ó ga ju gbogbo ilé ayé lọ ní ìgbà tí wọ́n parí rẹ̀, tí ó sì wà ní ilẹ̀ tí kì í pẹ́ mì. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ìyẹn kan àwọn ará Ìlaròó àti Aiyétòrò, kí ó ṣe sùúrù fún mi. Kí n tó jókòó, yóò hàn sí i pé ohun tí ó mú kí ilé yẹn dúró ni ohun tí ọ̀pọ̀ ilé wa kò ní, àti pé owó nìkan kọ́ ni ohun náà.

Àwọn ènìyàn wa ti fún irú ilé bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí ó dùn mọ́ni: ilé àwòṣífìlà, ilé tí ènìyàn yóò gbójú sókè wò títí fìlà yóò fi ṣí kúrò lórí rẹ̀. Orúkọ náà dára, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ wa láti wo òkè. Ìsàlẹ̀ ni mo fẹ́ kí á wò lónìí.

I. ILẸ̀ TIWA PÀÁPÀÁ A MÁA MÌ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó rò pé ìsẹ̀lẹ̀ jẹ́ ohun tí a ń kà nínú ìwé, tí kò lè dé ọ̀dọ̀ wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà 1939, ilẹ̀ mì tìtì ní Accra, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gold Coast nígbà náà, tí a mọ̀ sí Gánà lónìí. Ìwọ̀n rẹ̀ tó 6.5 lórí òṣùwọ̀n ìsẹ̀lẹ̀. Ènìyàn 17 ni ó kú, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé sì wó. Ìmìtìtì náà rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n lára ní Èkó àti ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 28 oṣù keje 1984, àti ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣágámù, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Ní oṣù kẹta 2000 ó tún mì ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀yọ́ àti Àkúrẹ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2009, wọ́n mọ̀ ọ́n lára ní Abẹ́òkúta àti ní agbègbè Allada ní orílẹ̀-èdè Benin, tí àwọn bàbá wa mọ̀ sí Dàhòmì. Ẹ rántí bí ilẹ̀ wa ti tò: Abẹ́òkúta ń bẹ ní ìlà-oòrùn wa, Allada ń bẹ ní ìwọ̀-oòrùn wa, àárín àwọn méjèèjì ni ilẹ̀ Yewa wà.

Èmi kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Ìmì tí ó kéré ni àwọn tí ó ti dé ọ̀dọ̀ wa, ìdí rẹ̀ sì yé àwọn onímọ̀. Ojú ilẹ̀ ayé kò jẹ́ odidi kan bí ìkòkò tuntun. Ó dàbí ìkòkò tí ó ti fọ́ sí àwọn àfọ́kù ńláńlá, tí àwọn àfọ́kù náà sì fara kan ara wọn síbẹ̀. Wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀, bí èékánná ọwọ́ wa ti ń hù. Ibi tí etí méjì bá ti ń ti ara wọn, agbára a máa kó jọ síbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí etí náà bá sì yọ̀ lójijì, gbogbo agbára náà a tú jáde ní ìṣẹ́jú kan. Èyí ni à ń pè ní ìsẹ̀lẹ̀. Àwa jìnnà sí etí irú àfọ́kù bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni a fi ń sùn ní ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n àpáta abẹ́ ilẹ̀ wa ní ojú ibi tí ó ti sán láti ayébáyé, irú èyí tí ó kọjá ní agbègbè Ìfẹ́wàrà, a kò sì lè búra pé wọn kì yóò mira láéláé. Àwọn àgbà ni ó sọ pé igi gánngánrán má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

II. ILÉ TÍ OWÓ KÒKÓ KỌ́

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ilé àwòṣífìlà tí òkìkí rẹ̀ kàn jùlọ ni Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, ní Ìbàdàn. Ọdún 1965 ni wọ́n ṣí i, ní ìgbà ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ó ní àjà 26, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 105. Ní ìgbà náà wọ́n kà á sí ilé tí ó ga jùlọ ní ilẹ̀ olóoru Áfíríkà. Owó kòkó ni a fi kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ tí ó ń fi àdá ṣán oko, tí kò sì gun àkàbà kọjá orí igi kòkó rẹ̀ rí, ni ó gbé ilé náà dìde.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní 1985, iná jó ilé yìí. Ìbànújẹ́ ńlá ni ó jẹ́, ọ̀pọ̀ sì rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n egungun ilé náà kò wó. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún ṣí i ní 1992, ó sì ń bẹ níbẹ̀ di òní. Bí a bá sọ pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i, kí á rántí pé ilé tí òpó rẹ̀ dúró ni a lè bu ẹwà sí. Èyí tí òpó rẹ̀ ti wó, àwókù ni a ó kó.

Ìmì 1984 àti ti 2000 bá Ilé Kòkó ní ìdúró, wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní ìdúró. Síbẹ̀ kí á má tan ara wa jẹ: ìmì kékeré ni, Ìbàdàn sì wà lórí àpáta líle àtijọ́. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ilé gíga níláti jẹ́ níwájú ìmì ńlá, a ní láti ré òkun kọjá lọ sí ibi tí ìmì ńlá kì í ṣe àlejò.

III. ILÉ GOGORO TI TAIPEI

Táíwàn jẹ́ erékùṣù kan ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Ṣáínà. Ó wà gan-an ní ojú ibi tí méjì nínú àwọn àfọ́kù ilẹ̀ ayé ti ń ti ara wọn, ìjì líle láti ojú òkun a sì máa bẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Olú ìlú wọn ni Taipei, èyí tí a tẹ̀ dó sínú àfonífojì tí ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀. Bí a bá ní kí ènìyàn wá ibi tí kò yẹ kí á kọ́ ilé gíga sí, kò ní rìn jìnnà kí ó tó yan ibẹ̀.

Níbẹ̀ ni wọ́n pinnu láti kọ́ ilé tí yóò ga ju gbogbo ilé ayé lọ. C. Y. Lee ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Thornton Tomasetti ti Amẹ́ríkà wà lára àwọn ẹnjiníà tí ó ṣírò agbára rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1999, wọ́n gbé ṣóńṣó orí rẹ̀ sókè ní 2003, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 2004. Orúkọ rẹ̀ ni Taipei 101, nítorí pé ó ní àjà 101 lókè ilẹ̀, àti márùn-ún sí i lábẹ́ ilẹ̀. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 508. Bí a bá to Ilé Kòkó márùn-ún léra, díẹ̀ ni yóò fi ga jù ú. Òun ni ilé tí ó ga jùlọ láyé títí di 2010, nígbà tí wọ́n ṣí ilé kan tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 828 ní Dubai.

Àwòrán rẹ̀ dàbí ọ̀pá ọparun. Àjà mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọ́n dì pọ̀ bí oríkèé kan, oríkèé mẹ́jọ sì gun ara wọn lórí. Gbogbo ẹni tí ó ti rí ọparun nínú ìjì mọ̀ pé igi ńlá tí ó le a máa dojú bolẹ̀, nígbà tí ọparun yóò tẹ̀ tí yóò sì tún nà. Ọgbọ́n yìí ni wọ́n kọ́ sínú ilé náà, a ó sì wo bí wọ́n ti ṣe é.

IV. OHUN TÍ Ó WÀ LÁBẸ́ ILẸ̀

Kí ẹnikẹ́ni tó rí àjà kan lókè, iṣẹ́ ti pẹ́ ní ìsàlẹ̀. Nítorí pé ilẹ̀ òkè rọ̀, wọ́n gbẹ́ ihò tóóró jìnnà sísàlẹ̀, wọ́n sì rọ kọnkéré àti irin sínú wọn láti fi wọ́n ṣe òpó abẹ́ ilẹ̀. Irú òpó bẹ́ẹ̀ 380 ni ó wà lábẹ́ ilé gogoro náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀, wọ́n sì lọ sísàlẹ̀ tó mítà 80. Wọ́n kọjá ilẹ̀ rírọ̀, wọ́n dé orí àpáta, wọ́n sì wọ inú àpáta náà tó mítà 30 ní ibòmíràn. Ẹ fi ojú inú wo Ilé Kòkó. Bí ẹ bá yí i dé, tí ẹ rì í mọ́lẹ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gíga rẹ̀, ibẹ̀ ni ìsàlẹ̀ àwọn òpó wọ̀nyí dé. Kò sí arìnrìn àjò kan tí ó ya àwòrán wọn, kò sì sí ẹni tí fìlà rẹ̀ ṣí nítorí wọn. Síbẹ̀ àwọn ni ó gbé ilé náà.

Gbogbo wa ni ó mọ̀ láti ìgbà èwe ìtàn ọkùnrin méjì tí ọ̀kan kọ́ ilé sórí àpáta tí èkejì sì kọ́ ọ sórí iyanrìn. Ọ̀pọ̀ wa ni ó ń rò pé oríire ni ó mú kí ti ẹni àkọ́kọ́ bọ́ sórí àpáta. Ilé ti Taipei fi hàn pé àpáta wà lábẹ́ ilẹ̀ rírọ̀ náà. Ẹni tí yóò gbẹ́ ilẹ̀ dé ibẹ̀ ni ó ṣọ̀wọ́n.

Ní òkè ilẹ̀, òpó mẹ́jọ tí ó tóbi bí yàrá kékeré ni ó yí ilé náà ká. Ní ìsàlẹ̀, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó mítà 3, sísanra rẹ̀ sì tó mítà 2.4. Irin ni wọ́n fi ṣe ara wọn bí àpótí, wọ́n sì rọ kọnkéré líle kún inú rẹ̀. Àwọn òpó mìíràn wà ní àárín ilé, ní ibi tí àtẹ̀gùn wà. Ní gbogbo àjà mẹ́jọ mẹ́jọ, igi irin ńláńlá so òpó àárín mọ́ òpó ẹ̀gbẹ́, kí ìkan má bàa dá nìkan jìyà. Bí ẹrù bá dé bá apá kan, gbogbo ara ni yóò pín in gbé, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ilé kan ti ń gbé ìṣòro ọmọ wọn.

V. ỌGBỌ́N TÍTẸ̀ LÁÌṢẸ́

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ohun tí ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jùlọ. Bí a bá ní kí ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́ ilé tí ìsẹ̀lẹ̀ kò ní wó, a ó sọ pé kí ó le, kí ó sanra, kí ó má mira rárá. Àwọn ẹnjiníà mọ̀ pé èyí kò tó. Ilé tí kò lè mira rárá yóò gba gbogbo ìjà ilẹ̀ sí ara, bí ìjà náà bá sì ju agbára rẹ̀ lọ, yóò ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ìkìlọ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Nítorí náà wọ́n yan irin tí ó lè tẹ̀ kí ó tó já. Ní ibi tí igi irin ti pàdé òpó, wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ igi náà kù díẹ̀ ní ibi tí kò jìnnà sí òpó. Ẹni tí kò mọ̀ yóò sọ pé wọ́n sọ ọ́ di aláìlágbára. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ìsẹ̀lẹ̀ ńlá bá dé, ibi tí a gé náà ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀, yóò sì jẹ agbára ìmì náà run díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ojú ibi tí a ti jó irin pọ̀ yóò wà ní pípé. Wọ́n ti yan ibi tí ìpalára yóò gbà, wọ́n kò fi í sílẹ̀ fún ìpalára láti yan fún ara rẹ̀.

Ohun kejì ni bọ́ọ̀lù irin ńlá kan tí ó rọ̀ sókè ilé náà. Okùn irin ni wọ́n fi so ó kọ́ láti àjà kejìléláàádọ́rùn-ún, ó sì rọ̀ wá sí ìsàlẹ̀ dé àjà kẹtàdínláàádọ́rùn-ún. Pẹpẹ irin 41 ni wọ́n tò pọ̀ láti ṣe é. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 5.5, ìwúwo rẹ̀ sì jẹ́ tọ́ọ̀nù 660. Àpò sìmẹ́ńtì 13,200 ni a ó kó jọ kí ìwúwo wọn tó tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe? Ẹ rántí ọmọdé lórí jáńgílọ́fà. Bí ẹ bá ń tì í ní àkókò tí ó yẹ, agbára kékeré yóò gbé e lọ sókè gidigidi. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ń fà á sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí ó bá fẹ́ lọ síwájú, yóò dúró kíákíá. Ilé gíga pẹ̀lú ní àkókò tirẹ̀ tí ó fi ń fì lọ tí ó sì ń fì bọ̀. Ti Taipei 101 jẹ́ bí ìṣẹ́jú-àáyá méje. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti ilé náà lọ sí ọ̀tún, bọ́ọ̀lù náà yóò lọ́ra, yóò kù sẹ́yìn, yóò sì fa ilé náà padà. Àwọn ẹ̀rọ olóròóró tí wọ́n fi há a, tí ó dàbí ṣọ́ọ̀kì abẹ́ ọkọ̀, yóò gba agbára náà, wọn yóò sì sọ ọ́ di ooru. Bẹ́ẹ̀ ni fífì ilé náà ń dínkù tó ìdá méjì nínú márùn-ún. Ní oṣù kẹjọ 2015, nígbà tí ìjì ńlá kan jà ní Táíwàn, bọ́ọ̀lù yìí rìn tó mítà kan kúrò ní ipò rẹ̀.

Kí n má ṣi yín lọ́nà: nítorí afẹ́fẹ́ ni wọ́n ṣe bọ́ọ̀lù náà jù. Ohun tí ó dá ilé náà sí lọ́wọ́ ìsẹ̀lẹ̀ ni òpó rẹ̀, igi irin rẹ̀ tí ó lè tẹ̀, àti ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń gun òkè lọ wo bọ́ọ̀lù, nítorí pé ó hàn. Àwọn tí kò hàn ni ó ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù.

Ìdánwò kò dúró di ìgbà tí ilé náà parí. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta 2002, tí wọ́n ti kọ́ ọ dé bí àjà 56, ìsẹ̀lẹ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 6.8 mi ìlú náà. Ẹ̀rọ agbẹ́rù méjì já bọ́ láti òkè, ènìyàn márùn-ún sì kú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí á gbàgbé wọn nígbà tí a bá ń yin ilé náà. Wọ́n yẹ gbogbo òpó wò, wọ́n rí i pé ilé náà kò ní àbùkù, iṣẹ́ sì tẹ̀síwájú. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin 2024, ìsẹ̀lẹ̀ tí ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ dé sí Táíwàn. Ilé gogoro náà fì, ó sì dúró.

VI. ILÉ MÌÍRÀN NÍ ILẸ̀ KAN NÁÀ

Bí mo bá dúró níbí, ẹ lè lọ sílé kí ẹ sì sọ pé àwọn ará Táíwàn gbọ́n jù wá lọ. Ìtàn náà kò parí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án 1999, ní ọdún kan náà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀ Taipei 101, ìsẹ̀lẹ̀ ńlá pa ènìyàn tí ó ju 2,400 lọ ní ilẹ̀ wọn. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejì 2016, òmíràn ṣẹlẹ̀ ní ìlú Tainan ní ìhà gúúsù. Ènìyàn 117 ni ó kú, 115 nínú wọn sì kú nínú ilé kan ṣoṣo, ilé alájà 17 tí ó ṣubú lulẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé àyíká rẹ̀ dúró. Ilé ẹjọ́ rán ènìyàn márùn-ún tí ó ní ọwọ́ nínú yíyàwòrán àti kíkọ́ ilé náà sí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún nítorí àìbìkítà wọn.

Ilẹ̀ kan náà ni, ẹ̀yà ènìyàn kan náà ni, òfin kan náà ni. Ilé tí ó ga ju mítà 500 lọ dúró. Èyí tí kò tó ìdá márùn-ún rẹ̀ wó pa àwọn tí ó sùn sínú rẹ̀. Gíga kọ́ ni ó pa wọ́n. Òótọ́ ni ó sọ̀wọ́n nínú òpó wọn.

Ẹ̀rí tiwa sì ń bẹ nílé. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkòyí, ní Èkó, wó lulẹ̀, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 40 lọ. Ilẹ̀ kò mì ní ọjọ́ náà. Ìjì kò jà. Ilé tí yóò wó láìsí ìsẹ̀lẹ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí i bí ìsẹ̀lẹ̀ bá dé?

VII. OHUN TÍ Ó KÀN WÁ NÍ ILẸ̀ YEWA

Àwa ará Yewa kò jẹ́ àlejò nínú ọ̀rọ̀ ilé gíga. Láti abẹ́ ilẹ̀ wa ni sìmẹ́ńtì ti ń jáde. Ewékorò tí ó múlé gbè wá ti ń lọ òkúta ẹfun láti nǹkan bí 1960. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Dangote ní Ìbèsè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Aiyétòrò, bẹ̀rẹ̀ ní 2012, ó sì wà lára àwọn tí ó tóbi jùlọ ní Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ ilé gogoro tí à ń wò ní Èkó, ẹfun ilẹ̀ wa ni ó wà nínú egungun rẹ̀. Bí ilé wa bá ń wó, a kò lè sọ pé nítorí àìsí sìmẹ́ńtì ni.

Ìmọ̀ pẹ̀lú kò jìnnà. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Pólì ti Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Ìlaròó láti 1979, ibẹ̀ ni a sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ ẹnjiníà àti iṣẹ́ ìkọ́lé. Orílẹ̀-èdè wa gbé Òfin Ìkọ́lé jáde ní 2006. Ohun tí ó kù ni kí á bèèrè ohun tí ó yẹ kí á bèèrè, kí á sì san owó ohun tí kò ní hàn.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ti fi orúkọ Ìlaròó sọ ìpele ilẹ̀ kan tí ó tẹ́ lọ káàkiri agbègbè wa. Iyanrìn ni ó pọ̀ jù nínú ìpele náà. Iyanrìn tí ó gbẹ tí ó sì le kì í ṣe ọ̀tá ilé. Ṣùgbọ́n iyanrìn tí ó kún fún omi, irú èyí tí ó wà ní bèbè odò, a máa di bí ẹ̀kọ nígbà tí ilẹ̀ bá mì gidigidi, ilé orí rẹ̀ a sì rì. Nítorí náà, kí ẹni tí yóò kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kọ́kọ́ mú onímọ̀ wá kí ó yẹ ilẹ̀ náà wò. Owó rẹ̀ kò tó owó ẹnu ọ̀nà àti géètì tí ọ̀pọ̀ wa ń rà.

Ẹ̀yin bíríkìlà, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, mo sì ń fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Omi tí a bu pọ̀ jù sí kọnkéré kí ó lè rọrùn láti rọ̀ ń jí agbára rẹ̀ gbé. Kọnkéré tí a kò bomi rin fún bí ọjọ́ méje lẹ́yìn tí a rọ ọ́ yóò gbẹ, ṣùgbọ́n kì yóò le tán. Òrùka irin tí a fi ń di irin òpó pọ̀, ní orí òpó àti ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó yẹ kí ó súnmọ́ ara wọn jùlọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ìmì ilẹ̀ ti ń já òpó. Irin tín-ín-rín tí a fi rọ́pò èyí tí ẹnjiníà kọ sínú ìwé kì yóò kígbe ní ọjọ́ tí a fi í síbẹ̀. Yóò dákẹ́ títí di ọjọ́ kan.

Ẹ̀yin onílé, bíríkìlà kì í sábà dá nìkan jẹ̀bi. Ẹni tí ó fi ìpìlẹ̀ ilé ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí ó wá rí owó lẹ́yìn ọdún márùn-ún, tí ó sì ní kí wọ́n gbé àjà kan lé e, lẹ́yìn náà kí wọ́n tún gbé òmíràn lé e, ó ń gbé ẹrù ka orí ọmọ tí kò mọ̀ pé òun yóò ru ú. Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó jẹ́ kí wọ́n hú ilẹ̀ wo ẹsẹ̀ òpó rẹ̀. Bí ẹnjiníà bá sọ pé kò lè gbé e, kí ó má ṣe wá ẹnjiníà mìíràn tí yóò sọ ohun tí ó fẹ́ gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ti ìjọ, ẹrù tiyín tilẹ̀ wúwo ju ti gbogbo wa lọ. Ilé ìjọsìn ni ó ń kó ènìyàn púpọ̀ jọ lẹ́ẹ̀kan náà, àgbà àti ọmọdé, lábẹ́ òrùlé kan. Nígbà tí a bá ń dá owó ìkọ́lé, gbogbo ènìyàn ni ó fẹ́ kí á ka orúkọ òun sí fèrèsé aláwọ̀, sí ago, tàbí sí ìloro òkè. Ta ni yóò dìde láti san owó òpó abẹ́ ilẹ̀? Ta ni yóò sọ pé kí á dúró fún oṣù mẹ́ta kí á fi yẹ ilẹ̀ wò, nígbà tí ọjọ́ ìṣílé ti súnmọ́, tí a sì ti pe àwọn àlejò pàtàkì? Mo bẹ̀ yín, kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà nínú ìgbìmọ̀ yín, bí ó bá sì sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe pè é ní aláìnígbàgbọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Alága, mo fẹ́ dákẹ́. Ó ṣeéṣe kí ilẹ̀ má mì gidigidi ní Yewa ní ọjọ́ ayé wa àti ti àwọn ọmọ wa. Kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí a bá kọ́ bí ẹni pé yóò mì kì yóò wó lọ́jọ́ tí kò mì, àwọn ọmọ tí ó bá sùn sínú rẹ̀ yóò sì jí. Ní ìgbà mìíràn tí ẹ bá dé Ìbàdàn, tí ẹ gbójú sókè wo Ilé Kòkó tí fìlà yín sì ṣí, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú fìlà náà, kí ẹ sì wo ilẹ̀ dáadáa kí ẹ tó dìde.